Ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ kíkun ère wẹ́wẹ́ ní Nottingham. Ṣé owó ń bẹ níbẹ̀?

Ìyá Bọ́lú (Leicester)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bọ́lú ti pé ọdún 19, ó ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ní òun ò lọ yunifásítì mọ́, iṣẹ́ kíkun ère wẹ́wẹ́ ni òun fẹ́ kọ́. Àwọn ère jagunjagun tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ yẹn, tí wọ́n fi ń ṣe eré ogun lórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ dára, n ò lè purọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Nottingham tó ń bá àwọn oníbàárà kun ère ti ní kó máa bọ̀. Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ nìyí: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ kò sí owó, wọ́n fẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, £6 lórí ère kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Wọ́n ní "trainee" ni. Bàbá rẹ̀ ní eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀. Èló ni ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ń gbà, ibo ló sì lè gbé e dé? Ẹ má wò ojú mi o, ẹ sọ òótọ́.

Onísirò
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Bọ́lú. Kí á tó dé orí ọ̀dà, ẹ jẹ́ ká sọ ti òfin, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fẹ́ rẹ́ ọmọ yín jẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsanwó kò bófin mu. Wọ́n lè ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ kun ère kan tàbí méjì kí wọ́n fi mọ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlànà ìjọba sọ ni pé tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá ọjọ́ kan, àfi nǹkan àrà ọ̀tọ̀ ni kò ní jẹ́ kí wọ́n san owó.

£6 lórí ère ńkọ́? Àwọn ló ń yan aago tí yóò dé àti aago tí yóò lọ, nítorí náà wákàtí ni òfin yóò kà, kì í ṣe ère. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 sí oṣù kẹta ọdún 2026, owó iṣẹ́ tó kéré jù ní wákàtí kan jẹ́ £10.00 fún ẹni ọdún 18 sí 20, £12.21 fún ẹni tó ti pé 21. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí i padà ní oṣù kẹrin, kí ẹ wo èyí tó wà lóde lọ́jọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ká yọ ìṣẹ́jú 30 fún oúnjẹ ọ̀sán, wákàtí 37.5 ni yóò ṣe lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ lórí £10.00 yẹn sì jẹ́ £375. Kí £6-£6 tó di £375, ó gbọ́dọ̀ parí ère 62 àtààbọ̀ lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 36 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn alọ́dà wá sọ bóyá ó ṣeé ṣe.

"Trainee" yẹn kò yí nǹkan kan padà. £7.55 wà lóòótọ́ ní àsìkò kan náà fún apprentice tí kò tíì pé 19 tàbí tó ṣì wà ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n apprenticeship gidi ni, tó ní ìwé àdéhùn àti ẹ̀kọ́ nínú. Ẹnu lásán kì í sọ èèyàn di apprentice.

Tí wọ́n bá wá san £10.00 yẹn fún un tọ́dún yíká, £19,500 ni. Lẹ́yìn owó orí àti National Insurance, nǹkan bíi £1,460 ni yóò máa wọlé lóṣù. Níbi púpọ̀, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í gbà jìnnà sí ìyẹn. Kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ wá fi owó ilé ní Nottingham tàbí owó ọkọ̀ ojú irin láti Leicester sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Akunère NG7
Ìṣẹ́jú 36? Kò ṣeé ṣe, Mọ́mì, àfi tí iṣẹ́ bá fẹ́ rí játijàti.

Ẹ jẹ́ ká mú ère oníke kan tó ga ní mílímítà 32. Gígé e kúrò lára férémù, fífá ìlà tí mọ́ọ̀dù fi sára rẹ̀ àti lílẹ̀ ẹ́ pọ̀ ń gba ìṣẹ́jú 10 sí 15. Primer, ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ kí èyí tó kù lẹ̀ mọ́ ère, tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Àwọ̀ ìpìlẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele méjì tí omi wà nínú rẹ̀ dáadáa, torí ìpele kan tó ki máa ń bo gbogbo ohun tí agbẹ́re gbẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà wash, ọ̀dà olómi tó ń ṣàn wọ inú kòtò. Ó fẹ́ ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó gbẹ. Àwọ̀ ìpìlẹ̀ tún padà sórí ibi gíga. Ìlà tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ wá tọ etí ìhámọ́ra, tín-ín-rín bí irun. Ojú, awọ, ìdí ère (ibi tí ère dúró lé), fáníìṣì. Tí ọwọ́ bá yá, tí ó sì ń ṣe mẹ́wàá pọ̀ kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí òmíràn wà lọ́wọ́, wákàtí méjì ni ère kan ń gbà kó tó ṣeé fi ṣọwọ́ sí oníbàárà tó mọ ohun tó ń sanwó fún. Ọ̀dà irú Contrast tàbí Speedpaint, tó ń fún ni ní òjìji àti ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí primer funfun, lè mú un wá sí wákàtí kan. Kò lè dé 36.

Nǹkan tí n ò rí nínú ìwé wọn ni ti iṣẹ́ àtúnṣe: tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ta ni yóò gbé àkókò rẹ̀? Iṣẹ́ yìí sì ń bàjẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó sì gbẹ, tàbí tí èèyàn bá fọ́n primer láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀dà á ti máa gbẹ lójú ọ̀run kó tó balẹ̀, ara ère á wá rí gànyìn-gànyìn bí iyanrìn. Fáníìṣì aláìdán tí wọ́n fọ́n nígbà ọ̀rinrin máa ń yọ funfun bí eérú. Wash tí èèyàn tún fọwọ́ kàn nígbà tí kò tíì gbẹ tán máa ń fi òrùka sílẹ̀. Ère resin (oje tó ń le bí ike) tí wọn ò fi ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀, òróró tó fi jáde nínú mọ́ọ̀dù ṣì wà lára rẹ̀, bí wọ́n bá gbé e nílẹ̀ báyìí ni ọ̀dà ń ṣí. Ìdajì nínú àwọn wọ̀nyí, ṣọ́ọ̀bù ló ń fà á, torí ibi tí wọ́n ti ń fọ́n ọ̀dà kò dára. Tó bá jẹ́ pé ère ni wọ́n ń kà, ọmọ ló máa fi ọjọ́ tirẹ̀ san án.

Kó béèrè bákan náà bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín airbrush (ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà) síta, àti ìbomú fún ẹni tó bá ń fi yanrìnpépà ha resin. Eruku rẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Kó má sì máa fi ẹnu la búrọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é.

Bàbá Bọ́lú
Èmi náà ń kà á o.

Ẹ̀gbọ́n Lenton
Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bọ́lú. Ẹ dákun, kì í ṣe eré ọmọdé. Ilé iṣẹ́ Games Workshop tó ń ṣe Warhammer, eré ogun orí tábìlì yẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1975, tí oríkò rẹ̀ wà ní Lenton níbí, wọ inú FTSE 100 (ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ní ọjà ìpín London) ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Warlord Games, Mantic àti Perry Miniatures náà wà ní Nottingham. Ohun tó mú Bọ́lú kọjú sí ìlú yìí nìyẹn, kò ṣì í.

Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé owó tí ilé iṣẹ́ ń pa yàtọ̀ sí iye àga tó wà fún àwọn tó ń kùn. Àwọn tó ń kun ère tí ẹ ń rí lára páálí Warhammer ni wọ́n ń pè ní 'Eavy Metal. Wọn ò pọ̀, àyè kì í sì í ṣí lójoojúmọ́. Tí ó bá ṣí, èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń kọ̀wé. Àǹfààní ibẹ̀ ni owó oṣù tó dúró, ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún, owó ìfẹ̀yìntì, àti èrè ọdún tí wọ́n máa ń pín fún òṣìṣẹ́ lọ́gbọọgba tí ọjà bá tà. Ilé iṣẹ́ kéékèèké kì í sábà gba akunère síṣẹ́ oṣù. Wọ́n á fi ère ránṣẹ́ sí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, wọ́n á sanwó rẹ̀, ó parí.

Tó bá fẹ́ wọlé sí irú ibẹ̀, àwòrán iṣẹ́ tí yóò fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ère ńlá olówó iyebíye nìkan. Kó kun jagunjagun márùn-ún tó jọra, kí ojú má lè mọ èyí tó kùn kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, torí akunère mẹ́ta lè pín ọmọ ogun kan náà kùn, kò sì gbọdọ̀ hàn. Kó kun àwọ̀ yẹ́lò kan, funfun kan, dúdú kan. Yẹ́lò ló máa ń tú àṣírí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kó ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, lábẹ́ iná tó funfun bí ọ̀sán, láìfi fóònù tún àwọ̀ ṣe. Tó bá gba àmì ẹ̀yẹ nínú Golden Demon, ìdíje ìkùn ère ti Games Workshop, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1987, yóò ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe dandan, ọ̀nà ìkùn ìdíje sì yàtọ̀ sí ti páálí ọjà.

Ní ti ibi tó lè gbé e dé, n ò ní tan yín: ẹni tó bá di búrọ́ọ̀ṣì nìkan mú, owó rẹ̀ kì í gòkè púpọ̀. Àwọn tí owó wọn gòkè ni àwọn tó fi nǹkan kún un, bíi gbígbẹ́ ère lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ZBrush tàbí Blender, yíya fọ́tò ọjà, kíkọ́ àwọn èèyàn ní kíláàsì ìparí ọ̀sẹ̀. Gbígbẹ́ ère lórí kọ̀ǹpútà ni èmi máa yàn fún un. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà ń wá a.

Adélé ní Manchester
Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ bọ́ sí i díẹ̀. Student visa ni mo wà. Ṣé mo lè máa kun ère fún àwọn èèyàn nínú yàrá mi, kí n máa gba owó díẹ̀díẹ̀?

Onísirò
Rárá o, àbúrò. Student visa kò gba kéèyàn dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, bó ti wù kí owó náà kéré tó. O lè ṣe iṣẹ́ ọlọ́gá, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ní àsìkò ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ dìgírì lo ń ṣe. Tí o bá ti bọ́ sí Graduate visa, ti ẹni tó ti parí ẹ̀kọ́, o lè dá ṣiṣẹ́. Má sì gbọ́kàn lé pé ṣọ́ọ̀bù ère máa gbà ọ́ sórí Skilled Worker, visa òṣìṣẹ́; láti oṣù keje ọdún 2025, £41,700 ni owó ọdún tí wọ́n sábà ń béèrè, trainee ò sún mọ́ ọn.

Àǹtí Sneinton
Ìyá Bọ́lú, tí ó bá fẹ́ dá ṣe é nílé, kí ẹ wo ìṣirò yìí. Ère mẹ́wàá, £25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, £250. Àwọn èèyàn á ní ọ̀wọ́n ni. Ìkùn gba wákàtí 20. Lílẹ̀ pọ̀, ìfèsì sí oníbàárà, fọ́tò àti dídì sínú fóòmù gba márùn-ún sí i. Ọ̀dà, primer, fáníìṣì, búrọ́ọ̀ṣì tó jẹ tán àti ìfiránṣẹ́, ká ní £20. £230 ló kù fún wákàtí 25. £9.20 ni wákàtí kan.

Nítorí náà, kó gba ìdajì owó ṣáájú, kó kun ère kan, kí oníbàárà fọwọ́ sí fọ́tò rẹ̀ kó tó kun mẹ́sàn-án tó kù. Ìyípadà àwọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, owó ni. Tí gbogbo owó tó wọlé, kó tó yọ ìnáwó, bá kọjá £1,000 láàárín 6 oṣù kẹrin sí 5 oṣù kẹrin tó tẹ̀ lé e, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àwọn tó ń gba owó orí, kó tó kọjá 5 oṣù kẹwàá tó tẹ̀ lé òpin ọdún náà.

Ìyá Bọ́lú (Leicester)
Ẹ ṣé gan-an, ẹ ò ní rí ibi. Bọ́lú ti kọ̀wé sí wọn nípa owó wákàtí. Èsì wọn ni pé self-employed, ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ni yóò jẹ́, nítorí náà owó wákàtí ò kàn wọ́n.

Onísirò
Hmm. Orúkọ tí wọ́n bá pe èèyàn kọ́ ló ń pinnu. Àwọn ló yan aago, àwọn ló ni ọ̀dà àti tábìlì, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá, kò lè rán ẹlòmíràn, kò lè sọ iye tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni ẹni bẹ́ẹ̀ jọ. Kí ó pe Acas, àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá nímọ̀ràn lórí òfin iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni, kí ó ka ìwé náà fún wọn.

Tí wọ́n bá wá ní kó máa kùn ún nílé, ní aago tó bá wù ú, ṣùgbọ́n tó ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n lè san án lórí ère. Ìlànà wà fún ìyẹn náà. Wọ́n á dán iṣẹ́ wò láti mọ iye tí òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ń parí ní wákàtí kan, wọ́n á pín in sí 1.2, wọ́n á fi èsì yẹn pín owó wákàtí. Tí ère kan bá ń gba wákàtí kan àtààbọ̀, £18 ló bọ́ sí fún ọmọ ọdún 19 lórí £10.00 yẹn. £6 dà?

Akunère NG7
Kí Bọ́lú tó fún wọn lésì, kó kun ère márùn-ún nílé pẹ̀lú aago, kó kọ ìṣẹ́jú ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: fífá, primer, àwọ̀ ìpìlẹ̀, wash, etí, ojú, ìdí ère. Kó ka àkókò tó fi po ọ̀dà àti èyí tó fi fọ búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn.

Bàbá Bọ́lú
Mo ti ní kó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí. Aago wà lọ́wọ́ mi.