Sáfà ilé ìkàwé ní Ìjẹ̀bú-Òde kò dìde mọ́: ta ló lè bá wa wò ó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Dublin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Ẹni tó mọ Linux dáadáa ni mò ń wá. Kọ̀ǹpútà tí àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ fi sí ilé ìkàwé nílé, èyí tó ń gbé Kiwix kí àwọn ọmọ lè ka Wikipedia láìra dátà, kò dìde mọ́. Debian 12, irú Linux kan, ló wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ Ojúde Ọba, tí gbogbo ìlú wà níta, niná lọ, ínfátà sì kú tẹ̀lé e. Nígbà tí iná dé, àbúrò tó ń bá wa mójú tó o tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé òun ń dúró de dísìkì kan, ó ń ka ìṣẹ́jú kan àbọ̀, lẹ́yìn náà ló ní òun ti wọ emergency mode, pé àkáǹtì root (ti alábòójútó ẹ̀rọ) wà ní títì, kó tẹ Enter. Bó bá ti tẹ Enter, ojú kan náà ló ń padà sí. Àwọn kan nílé ti ń sọ pé ká kúkú gbé Debian tuntun sórí rẹ̀. Ẹ gbà mí o.

Bọ̀ọ̀dá Leeds

Kí ẹnikẹ́ni má fi fláàṣì kan ẹ̀rọ yẹn o! Kò kú, ó ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ yẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Gbogbo dísìkì tí a bá kọ sínú fáìlì /etc/fstab ni systemd, ètò tó ń gbé àwọn yòókù dìde, máa ń wá nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbéra. Bí kò bá rí ọ̀kan, á dúró dè é fún 90 ìṣẹ́jú àáyá, bó bá sì ti pé, á ní òun ò lọ mọ́. Ní tirẹ̀, dísìkì tí a kò bá sọ fún un pé ó ṣeé fi sílẹ̀, dandan ni.

Ẹ bi àbúrò yẹn léèrè: ṣé dísìkì kan wà tí wọ́n fi wáyà USB so mọ́ ọn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Dublin

Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Òun ló gbé gbogbo fáìlì Kiwix. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ni. Ó ní nígbà tí iná lọ, ẹnìkan yọ ọ́, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìkàwé kí olè má baà gbé e. Ọ̀gá ti bá kọ́kọ́rọ́ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè.

Ọmọ Ṣàgámù, Berlin

😂😂 Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde! Ẹ tọ́jú dísìkì pa mọ́ lọ́wọ́ olè, ẹ tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ lọ́wọ́ sáfà náà.

Bọ̀ọ̀dá Leeds

Bí kọ́kọ́rọ́ bá dé lónìí, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n so dísìkì padà, kí wọ́n tan án. Ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò gbẹ́kẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ fi fídíò WhatsApp pe àbúrò, kó gbé fóònù ka ibì kan tí ẹ ti lè rí ojú kọ̀ǹpútà náà kedere, kó má fi ọwọ́ dì í mú. Ọwọ́ méjèèjì ló máa lò.

Kó tún ẹ̀rọ tan. Bí ojú GRUB, ètò tó ń yọ kí Debian tó dìde, bá yọ, níbi tí a kọ Debian GNU/Linux sí, kó tètè tẹ lẹ́tà e, nítorí ìṣẹ́jú àáyá 5 péré ló máa ń dúró. Àwọn ìlà ọ̀rọ̀ kan á ṣí. Kó fi ọfà sọ̀kalẹ̀ dé ìlà tó fi linux bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀ tí á fi ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, kó pa quiet rẹ́, kó kọ èyí sí àyè rẹ̀:

init=/bin/bash

Kó wá tẹ Ctrl àti x pọ̀. Ẹ má fòyà, ohun tí a bá kọ níbẹ̀ kì í dúró. Ẹ tún ẹ̀rọ tan, ó ti pa rẹ́.

Ibi tí a ti ń kọ àṣẹ ló máa já sí, kò sì ní béèrè pásíwọọ̀dù kankan lọ́wọ́ rẹ̀. (Ẹ rí i báyìí pé ẹni tó bá lè fọwọ́ kan sáfà ló ni ín. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ilẹ̀kùn yàrá yẹn.) Níbẹ̀, dísìkì ṣeé kà ṣùgbọ́n kò ṣeé kọ nǹkan sí, nítorí náà àṣẹ yìí ló ṣáájú:

mount -o remount,rw /

Lẹ́yìn náà kó kọ blkid. Ìyẹn á fi UUID (àmì ìdánimọ̀) gbogbo dísìkì tí ẹ̀rọ rí hàn. Kó wá fi nano, ètò ìkọ̀wé, ṣí /etc/fstab. UUID tó bá wà nínú fstab tí kò sí nínú èsì blkid, òun ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kó fi àmì # síwájú ìlà yẹn kí ẹ̀rọ má baà kà á mọ́, kó tẹ Ctrl àti o, kó tẹ Enter, kó tẹ Ctrl àti x. Lẹ́yìn náà:

sync
exec /sbin/init

Àmì # yẹn lè dà yín láàmú. Bí kíbọọ̀dù náà bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹ̀rọ dé yìí ó ṣeé ṣe kó máa kà á bíi ti Amẹ́ríkà. Shift àti 3, tí wọ́n ya àmì owó pọ́n-ùn sí, ló máa mú # jáde. Kí àbúrò má wo ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnì, ojú kọ̀ǹpútà ni kó máa wò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Dublin

Ẹ̀gbọ́n, ó ti dìde!!! Shift àti 3 náà ni lóòótọ́. Mo ti wọlé láti ibí.

Bọ̀ọ̀dá Leeds

Ọlọ́run ṣeun. Bí dísìkì bá padà dé, ẹ yọ # yẹn, ẹ sì tún ìlà náà kọ báyìí, kí irú èyí má tún dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. UUID tiyín ni kẹ́ ẹ fi sí i:

UUID=xxxx /srv/kiwix ext4 defaults,nofail,x-systemd.device-timeout=10s 0 2

Pẹ̀lú nofail, bí dísìkì bá wà, á so ó. Bí kò bá sí, á máa bá tirẹ̀ lọ. Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, ẹ kọ findmnt --verify. Á ka fstab yẹn, á sì sọ ibi tí ẹ bá ti ṣì í kọ. Ìgbà tí ẹ ṣì wà nínú ẹ̀rọ ló dáa kẹ́ ẹ mọ̀.

Ọmọ Ìpẹ́rù, Toronto

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n sọ ewu tó wà nínú nofail, torí ó ti kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí dísìkì kò bá sí lójú ọ̀nà, fódà /srv/kiwix ṣì wà níbẹ̀, òfìfo lásán. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ kan tó ń da nǹkan síbẹ̀ lóròòru, bóyá ẹ̀dà ìpamọ́ tàbí fáìlì tuntun tó ń wọlé, orí dísìkì kékeré tí Debian fúnra rẹ̀ wà ló máa máa kó o sí títí á fi kún fọ́fọ́. Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ pé sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò lè kọ log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀) mọ́.

Ẹ jẹ́ kí dísìkì wà ní yíyọ, kẹ́ ẹ fi chattr +i /srv/kiwix ti fódà òfìfo náà. Kò sẹ́ni tó máa lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ mọ́, kódà root. Bí ẹ bá so dísìkì, ti dísìkì ló máa bo ti ìsàlẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ bó ṣe yẹ. Nínú fáìlì service tó ń gbé Kiwix, ẹ kọ RequiresMountsFor=/srv/kiwix sábẹ́ [Unit], kó má baà gbéra nígbà tí kò sí ìwé tó máa pín.

Ìkejì: iná tó lọ lójijì yẹn, ẹ ti yẹ dísìkì tí Debian wà wò? Ẹ gbé smartmontools sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ smartctl -a /dev/sda. Ìlà Current_Pending_Sector àti Reallocated_Sector_Ct ni kẹ́ ẹ wò, ibi tó ń bàjẹ́ lórí dísìkì ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá jẹ́ 0, ẹ sùn dáadáa. Bí Pending bá ń gòkè, ẹ má sáré lọ sídìí fsck. Ẹ fi ddrescue kó ohun tó wà lórí rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn ná.

Ọmọ Ṣàgámù, Berlin

Kí ló dé tí kò fi yẹ ká sáré fsck? Òun lèmi máa ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Ọmọ Ìpẹ́rù, Toronto

Àbúrò, fsck ń tún ètò fáìlì ṣe, kò tún irin ṣe. Orí dísìkì tó ń kú, gbogbo kíkà àti kíkọ tó ń ṣe ló ń ti dísìkì náà síwájú lọ́nà sàréè. Ext4, ètò fáìlì tí ẹ ń lò, sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn iná lílọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó bá dúró sí (initramfs) kí Debian tó dìde tán, tó ń pariwo pé kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe fsck, nígbà náà ni kẹ́ ẹ ṣe é. Àmọ́ lórí dísìkì tó wà ní síso, tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀? Láéláé. Ẹ ó fọwọ́ ara yín bà á jẹ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Dublin

0 ni méjèèjì, mo dúpẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ ṣe apt update (láti mọ àwọn ètò tuntun tó wà), ó ní fáìlì Release "is not valid yet". Mirror, ibi tó ti ń gba ètò, la máa pààrọ̀ ni?

Àǹtí Houston

Ẹ fi mirror sílẹ̀. Ẹ kọ timedatectl, kẹ́ ẹ wo ọdún tí ẹ̀rọ yẹn rò pé a wà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Dublin

Àǹtí! 2023 ló kọ síbẹ̀ o.

Àǹtí Houston

Bátìrì inú rẹ̀ ló ti kú, ìyẹn pẹlẹbẹ róbótó kan lórí bọ́ọ̀dù. CR2032 la máa ń bá nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, fóltì 3, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí wọ́n tó rà. Àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe lọ́jà máa ń ní in, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Dublin. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, ẹ kò ní mọ̀ pé ó kú. Bí iná bá ti lọ tán pátápátá, aago á padà sẹ́yìn. Kì í ṣe apt nìkan ló ń bà jẹ́: gbogbo ojú ìwé https ló máa dà bí ayédèrú lójú ẹ̀rọ náà, torí ọjọ́ tó wà lára ìwé ẹ̀rí wọn kò tíì dé lójú tirẹ̀.

Ní báyìí, ẹ fi date -s fi ọjọ́ àti àkókò òní sí i, kẹ́ ẹ sì kọ timedatectl set-ntp true kó lè máa gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ní kò sí ohun tó jọ ọ́, systemd-timesyncd ni kò sí lórí rẹ̀. Apt á gbé e wá nísinsìnyí tí ọjọ́ ti tọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ṣí i láti pààrọ̀ bátìrì, kí àbúrò wọ inú BIOS, ètò tó wà lára bọ́ọ̀dù. Bí bátìrì bá kú, ètò ibẹ̀ lè ti padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é jáde. Kó wá ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe bí iná bá padà, Restore on AC Power Loss ni púpọ̀ nínú wọn ń pè é, kó yàn án pé kó tan ara rẹ̀. Kò ní sí pé a ń wá ẹni tó máa tẹ bọ́tìnì mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Leeds

Ẹnu yín dùn, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra UPS tó ní ojú USB náà, kì í ṣe èyí tó kàn ń dún pìpì lásán. Ẹ so ó mọ́ sáfà, ẹ gbé ètò nut sórí rẹ̀. Bí bátìrì UPS bá ń lọ sílẹ̀, nut á pa ẹ̀rọ wọ́ọ́rọ́wọ́ kí iná tó gé e.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Dublin

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọ̀kan: ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò nílé kò fún wa ní àdírẹ́sì tó ṣeé pè láti ìta. Kọ̀ǹpútà àbúrò yẹn ni mo ń gbà wọlé, bó bá sì ti lọ sílé, ó parí.

Ọmọ Ìpẹ́rù, Toronto

Ẹ ya sáfà kékeré kan tó ní àdírẹ́sì gbangba, ẹ fi WireGuard (ọ̀nà àdáni lórí íntánẹ́ẹ̀tì) so tilé mọ́ ọn. Tilé ni kó máa pe tìta, kì í ṣe tìta ló máa pe tilé. Ní ẹ̀gbẹ́ tilé, sábẹ́ [Peer], ẹ kọ PersistentKeepalive = 25, kí ọ̀nà má baà tì mọ́ yín. Ẹ ṣe systemctl enable wg-quick@wg0, kó lè gbéra fúnra rẹ̀. Bó bá ṣòro, ẹ fi fáìlì yẹn hàn mí níbí, ṣùgbọ́n ẹ yọ PrivateKey kúrò nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ o.