Mọ́tò tó ń gbọ̀n láàárọ̀ òtútù: ẹ ka kóòdù kí ẹ tó sanwó

Láti Chicago

Ẹ kú òtútù o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò mi. 2012 ni wọ́n ṣe é, sílíńdà mẹ́rin ló ní, ó sì ti rin máìlì 140,000. Tí mo bá sítáàtì rẹ̀ ní kùtùkùtù láti lọ síbi iṣẹ́, ńṣe ló máa ń gbọ̀n rìrì, débi pé tíì inú kọ́ọ̀bù mi á máa ta sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, á gòkè, á tún já wá sí 500, bíi pé ó fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, ara rẹ̀ á balẹ̀, kò tún ní ṣe nǹkan kan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún kú. Mẹkáníìkì kan ní kí n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná àti nọ́súlù tó ń fọ́n epo, owó tó pè sì lé ní $1,000. Ṣé kí n ṣe é?

Láti Minneapolis

Àǹtí mi, ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Ohun tí ẹ sọ pé ara rẹ̀ ń balẹ̀ tó bá gbóná, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú òtútù, epo kì í tètè di ooru, ara irin ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà mọ́tò fi máa ń da epo púpọ̀ sí i láàárọ̀, táá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré tó bíi 1,200 kó tó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sí 700 tàbí 800. Sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà ló yẹ kó máa sọ fún un bóyá epo náà pọ̀ jù tàbí kò tó, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ yẹn ò lè ṣiṣẹ́ àfi tó bá gbóná tó nǹkan bíi 300 Celsius. Kó tó gbóná, ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń méfò. Tí afẹ́fẹ́ bá wá ń yọ́ wọlé láti ibi tí kò mọ̀, epo ò ní tó, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ti jí, á ní kí wọ́n bu epo sí i, ìgbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Ibi tó là ṣì lè là síbẹ̀ o. Wọ́n kàn fi epo bò ó ni.

Ohun tó ṣe tèmi gan-an nìyí. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti ra kọ́ìlì, kò yí padà. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo na ọwọ́ sí abẹ́ páìpù afẹ́fẹ́, mo kan rọ́bà kan tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Lójú, kò ní àpá kankan. Ìgbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ níbi kọ́rọ́ rẹ̀ ló lanu bí ẹja. Òtútù ló ń sọ ọ́ di gbígan, tó fi ń là. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á rọ̀, ẹnu rẹ̀ á tún pa dé. Rọ́bà náà ò tó $20.

Ẹ kọ́kọ́ ka kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà mọ́tò fi ń sọ ohun tó ń ṣe é. Gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ tó ń kà á bọ̀ lábẹ́ sítíárìn, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù páàtì sì máa ń kà á fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Bí iná bá tilẹ̀ ti kú, kóòdù lè ṣì wà nínú rẹ̀. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. P0301 sí P0304 ń dárúkọ sílíńdà tí kò jó dáadáa. Tó bá jẹ́ P0302 ni, ẹ yọ kọ́ìlì kejì, ẹ fi ti ìkẹrin rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fi ìkejì sí ipò ìkẹrin, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Tó bá ti di P0304, kọ́ìlì yẹn ló bàjẹ́, ẹ ra ẹyọ kan péré.

Ohun mìíràn: kí ẹ tó sítáàtì láàárọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù yẹn wo iye tí sẹ́ńsọ̀ omi ẹ́ńjìnnì ń kà. Mọ́tò tó sun ìta mọ́jú, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ ti ojú ọjọ́. Tí ìta bá jẹ́ 10 Fahrenheit tí òun ń kà 80, irọ́ ló ń pa fún kọ̀ǹpútà.

Púlọ́ọ̀gì nìkan ni mo lè ní kí ẹ pààrọ̀ lójú ẹsẹ̀, tó bá jẹ́ pé àtilẹ̀wá ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ṣe gudugudu.

Ẹ jọ̀ọ́, tí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú, ẹ má wa mọ́tò náà. Epo tí kò jó ló ń lọ sínú catalytic converter, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, owó ìyẹn á mú yín gbàgbé gbogbo èyí. Ẹ má sì ṣe sítáàtì rẹ̀ nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ẹ̀mí ló ń gbà.

Láti London

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa fi omi rádíétọ̀ kún un. Tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, bá ti là, omi lè jò díẹ̀díẹ̀ sínú sílíńdà kan mọ́jú, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń gbọ̀n láàárọ̀. Èéfín funfun tó ń rùn bí ohun dídùn, tí kò sì lọ bọ̀rọ̀, ni ẹ ó fi mọ̀. Ẹ wo ìlà omi nínú ike rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Láti Chicago

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bọ̀dá mi. Mo ti kà á: P0171 àti P0303. Omi ò dín, èéfín ò rùn. Láàárọ̀ yìí sẹ́ńsọ̀ omi ń kà 19, fóònù mi ní ìta jẹ́ 18.

Láti Minneapolis

Kóòdù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ sílíńdà kẹta ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, gásíkẹ́ẹ̀tì páìpù afẹ́fẹ́ ni mo fura sí. Ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn mọ́jú, kó lè wò ó nígbà tó ṣì tutù. Ẹ ní kó fẹ́ èéfín sínú páìpù afẹ́fẹ́ náà. Ibi tí èéfín bá ti yọ, ibẹ̀ ló là sí. Tó bá gbóná kó tó wò ó, ó lè má rí nǹkan kan.

Láti Chicago, ẹlòmíì

Àǹtí, South Side ni mo wà, mo sì ní ẹ̀rọ èéfín yẹn. Ẹ má sítáàtì rẹ̀ rárá ní Sátidé. Mà á dé ọ̀dọ̀ yín kó tó di aago méje.