Àwọn agbowó-gbèsè ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà mí

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó san ₦60,000 tí mo yá lórí áàpù kan tán, láti àná ni wọ́n sì ti ń fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé olè ni mí. Ṣé ọlọ́pàá lè mú mi?

Ìdáhùn 1: Rárá o, àbúrò. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kò fàyè gba mímú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kí o fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ìbanilórúkọjẹ́ gbáà ni.

Ìdáhùn 2: Àmọ́ wọ́n lè pè ọ́ lẹ́jọ́. Ní Èkó, kóòtù wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé, rí i pé o yọjú, kí wọ́n má baà dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ.

Ìdáhùn 3: Kọ̀wé sí wọn pé díẹ̀díẹ̀ ni wàá máa san án.