Human Biology fẹ́ lé mi kúrò ní Access, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Manchester:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kẹ́à nílé àwọn arúgbó. Ní September tó kọjá mo wọlé Access to HE Diploma, èyí tí àwa tí a kò ní A-level fi ń wọ yunifásítì, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù mí láti kékeré. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro.

Human Biology ni ìṣòro. Kíláàsì àwọn oníṣòwò ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Báólọ́jì tí mo ṣe ní WAEC, dandan ni wọ́n fi ṣe, C6 ni mo fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, tí olùkọ́ wa bá ti ya ọkàn sójú pátákó, tó ní atrium, ventricle, tricuspid, ojú mi a ṣókùnkùn. Mo kọ gbogbo orúkọ yẹn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, mò ń kà á bí ẹni ń ka Sáàmù. Tílẹ̀ bá mọ́, kò sí ẹyọ kan tó kù lórí mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa, Pass ni mo gbà, bẹ́ẹ̀ Merit àti Distinction ni yunifásítì tí mò ń wò ń béèrè.

Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, ká fowó náà tún mọ́tò ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo lẹ ṣe kà á? Àbí orí mi ti gbó jù?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Leeds:

Ìyá Ìbejì, ẹ má fi sílẹ̀ o. Ọ̀nà yìí lèmi náà gbà. Orí yín ò gbó, orúkọ lẹ̀ ń kọ́, ẹ ò tíì kọ́ ìrìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé face-me-I-face-you ni ọkàn èèyàn. Yàrá mẹ́rin ni, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ògiri ló wà láàárín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó ti rìn káàkiri ara, tó ti pín ọ́síjìn rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, yàrá òkè lọ́tùn-ún ló ń wọ̀. Right atrium nìyẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí right ventricle, ó jáde lọ sí ẹ̀dọ̀fóró lọ gba ọ́síjìn tuntun. Tó bá gbà á tán, kò padà sọ́tùn-ún mọ́, apá òsì ló ń gbà wọlé: left atrium, left ventricle, ó bọ́ sí aorta, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ọkàn, ó di gbogbo ara. Àwọn fáàfù tí orúkọ wọn ń dẹ́rù bà yín, ilẹ̀kùn tó ń ṣí sápá kan ṣoṣo ni wọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn.

Ó wá ku "kí ló dé?". Kí ló dé tí ògiri left ventricle fi nípọn ju ti ọ̀tún lọ? Ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Òsì ń tì í dé àtàrí, ó tún ń tì í dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Gbólóhùn bí ìyẹn ló ń gbé èèyàn kúrò ní Pass.

Ohun mìíràn ni pé ẹ ti mọ báólọ́jì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Màmá tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń yí i padà? Torí tí egungun bá tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ibẹ̀ á pa dé, ọ́síjìn ò ní dé ibẹ̀ mọ́, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó di egbò. Capillary àti ìṣètò ara lẹ ń ṣe níṣẹ́ yẹn o! Bẹ́ ẹ bá rí i pé ìtọ̀ bàbá kan ti pọ́n, tẹ́ ẹ ní "Bàbá, ẹ mu omi", kíndìnrín lẹ ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Omi ti dín nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ rán ADH jáde, họ́mónù tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó má da omi nù, kíndìnrín wá ń fa omi padà sínú ara, ìtọ̀ wá kéré, ó ki. Tẹ́ ẹ bá dé ṣíìfù lọ́la, ẹ máa bi ara yín ní "kí ló dé" lórí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá ṣe.

Adé ti Peckham:

Èmi ò ní tàn yín, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ yín ò sọ̀sọkúsọ. Ọdún kan Access, ọdún mẹ́ta yunifásítì, ṣíìfù alẹ́, ìbejì. Ìyàwó mi ṣe é, ó parí ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì tí mo sè lọ́dún yẹn kò ṣeé sọ níta. Owó ẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Leeds:

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ kú ìrẹsì o 😂. Ọ̀rọ̀ owó: tó bá jẹ́ Advanced Learner Loan, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ni Ìyá Ìbejì fi san Access, wọn ò ní gba ìyókù gbèsè yẹn padà tó bá parí Access tó sì parí digirí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní England, tó kún ojú ìwọ̀n, ó lè gba £5,000 lọ́dọọdún lọ́wọ́ NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, kì í sì í ṣe gbèsè. Nípa Pass yẹn: kírẹ́dítì 60 ni Access, 45 nínú ẹ̀ ni wọ́n ń fún ní Pass, Merit tàbí Distinction. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ ṣì ṣe. Ẹ ka ohun tí yunifásítì yín kọ dáadáa o, torí àwọn kan máa ń sọ iye kírẹ́dítì tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti báólọ́jì, wọ́n sì máa ń béèrè GCSE (ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì ti ibí) gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn:

Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ báólọ́jì, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tán, díẹ̀ ló kù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè fi bẹ̀rẹ̀. "Describe", ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ. "Explain", ìdí rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ mi ló mọ iṣẹ́ tí wọ́n sì fìdí rẹmi níbí yìí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún pulmonary artery. Àwọn ọmọ a máa rò pé artery ló máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ọlọ́síjìn nígbà gbogbo. Rárá o. Artery ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, vein ń gbé e padà wá, ó parí. Èyí tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti lọ ló gbé.

Tẹ́ ẹ bá dé genetics, ẹ ò ní jìyà. Ọmọ Yorùbá wo ni kò tíì gbọ́ pé AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS? Ẹ ya àpótí mẹ́rin, ẹ kọ ọ́ sí i: AA ọ̀kan, AS méjì, SS ọ̀kan. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu ìdá kan nínú mẹ́rin. Kì í ṣe pé ẹni tó bí mẹ́ta tí ara wọn le, ìkẹrin ló máa jẹ́ SS. Ibẹ̀ ni máàkì wà.

Ìyá Ìbejì, Manchester:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Mo ti yọ ìwé ara fíríìjì kúrò. Lálẹ́ àná mo fi tábìlì ìjẹun ṣe ilé oníyàrá mẹ́rin, mo ní kí Kẹ́hìndé máa rìn bí ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́ gba ọ̀tún kọjá sí òsì, Táíwò pariwo pé ògiri wà níbẹ̀! Ọkọ mi ló di ẹ̀dọ̀fóró, ó jókòó sórí àga, ó ń pín bisikíìtì fún ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá.

Kíndìnrín ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Tíṣà, ṣé nephron, àwọn asẹ́ wẹ́wẹ́ inú kíndìnrín yẹn, náà ní ilé tí mo lè fi wé?