Èdè kọ̀ǹpútà tó ń gé ọ̀rọ̀ kúrú àti èyí tó ń sọ gbogbo ẹ̀ tán: èwo ló ti jẹ́ kí ojú yín rí màbo? Ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi torí èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé prógíráàmù kan tí wọ́n fi COBOL, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kọ fún mi nígbà kan, òun ló ń ṣírò èlé lórí owó àwọn oníbàárà, wọ́n ní kí n tún un kọ ní Python, èdè òde òní tó ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Fáìlì yẹn, ìlà 900 géérégé. Mo ṣí i, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, àfi bíi pé COBOL gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ sọ ọ́. Látìgbà tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀ ní 1959 ló ti jẹ́ pé kó tó ṣe ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ kí gbogbo ilé: IDENTIFICATION DIVISION, ENVIRONMENT DIVISION, DATA DIVISION, ká tó wá dé PROCEDURE DIVISION níbi tí iṣẹ́ wà. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, wàá sọ bó ṣe gùn tó, wàá sọ iye nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn point. Mo ní ṣé kóòdù lẹ̀ ń kọ ni àbí lẹ́tà sí àna yín.

Mo kọ tèmi, ìlà 70. Àní 70! Ọ̀gá mi pe àwọn yòókù wá wò ó, inú mi dùn ṣìnkìn, mo ń rìn bí ẹni tó ra ilé náà.

A jẹ́ kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ fóṣù kan ká lè fi wọ́n wé ara wọn, ìyẹn ló sì gbà mí o. Oṣù parí, àpapọ̀ ò bára mu. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan, kọ́bọ̀ kan níbí, kọ́bọ̀ kan lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń ka owó kò sóhun tó ń jẹ́ "kò tó nǹkan", ó bá mu ni àbí kò bá mu. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a. Mo kọ́kọ́ rò pé float ni (irú nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà kì í lè tọ́jú ìdá ẹ̀ géérégé), torí ẹni tó bá ti lo Python fúngbà díẹ̀ mọ̀ pé tó o bá ní kó ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ló máa kọ síta fún ẹ. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú Decimal, irú nọ́ńbà tó ń tọ́jú ìdá bá a ṣe kọ ọ́. Ó dín kù, kò tán.

Ìgbà tí mo padà lọ jókòó ti ìlà 900 yẹn, tí mo ń kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lojú mi tó là. Níbì kan ó kọ ọ́ báyìí:

COMPUTE WS-ELE ROUNDED = WS-OWO * WS-IDA

Nísàlẹ̀ bí ogójì ìlà síbẹ̀:

COMPUTE WS-OWO-ORI = WS-ELE * WS-IDA-ORI

Ẹ wò ó dáadáa. Èkejì ò ní ROUNDED. Ní COBOL, tó ò bá kọ ROUNDED, ṣe ló máa gé ohun tó bá ṣẹ́ kù dànù, 4.689 á di 4.68, kò ní sún nǹkan kan sókè. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Èmi wá lo round(), ohun tí Python fi ń sún nọ́ńbà sí èyí tó sún mọ́ ọn jù, níbi méjèèjì. Round ti Python 3 náà tún wá ní ìwà tiẹ̀: round(2.5) á fún ẹ ní 2, round(3.5) á fún ẹ ní 4, torí tó bá ti bọ́ sí àárín gan-an, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ló máa ń sá lọ bá. ROUNDED ti COBOL ní tiẹ̀ á sọ 2.5 di 3. Ìyẹn ni pé ìwà mẹ́ta ló wà ńbẹ̀, èmi fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Python gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi, ó sì sọ ọ́ di odindi lóòótọ́, àmọ́ odindi tiẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Ẹ̀yin ńkọ́?

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira o, ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ délé lórí eléyìí. Èmi, èdè tó ń sọ gbogbo ẹ̀ tán ló pa mí lára.

Java la fi ń ṣe ètò kan tí àwọn èèyàn fi ń gba ìjókòó sílẹ̀. Class kan (àpẹẹrẹ tá a fi ń dá ohun kan sílẹ̀ nínú kóòdù) wà ńbẹ̀ tó ní field, ìyẹn àyè ìsọfúnni, márùn-ún péré, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka getter (tó ń mú ìsọfúnni jáde), ẹ ka setter (tó ń yí i padà), ẹ ka equals, ẹ ka hashCode (àwọn méjì tó ń sọ bóyá ohun méjì jẹ́ ọ̀kan náà), ó ti fẹ́ẹ̀ tó ọgọ́rin ìlà. Ẹnì kan nínú wa wá fi ìkẹfà sí i, ìyẹn ọjọ́ tónítọ̀hún fẹ́ lo ìjókòó. Ó fi getter ẹ̀ sí i, ó fi setter ẹ̀ sí i, ó gbàgbé equals pẹ̀lú hashCode. A ń kó gbogbo ẹ̀ sínú HashSet, àpò tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá wá gba ìjókòó kan náà fún ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, HashSet á ní ọ̀kan náà ni wọ́n, á gbé èkejì jù síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní pariwo, kò ní sí error. Èèyàn á dé, á ní òun ti gba ìjókòó, a ò ní rí i níbì kankan.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni mẹ́ta ló yẹ kóòdù yẹn wò kó tó wọlé, èmi náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló wà lójú táyé, kò sóhun tó fara pa mọ́, kò sì sẹ́ni tó rí i, torí ta ló ń ka getter? Ojú á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Nígbà tá a kó lọ sí Kotlin, èdè míì, ó di ìlà kan (mo yọ àwọn field kan kúrò níbí kó lè kúrú):

data class Ijokoo(val oruko: String, val nomba: Int, val ojo: LocalDate)

Èdè fúnra ẹ̀ ló ń bá wa kọ equals, ohun tó bá ti wà nínú àkámọ́ yẹn á wọ inú ẹ̀. (Ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú ara class, lẹ́yìn àkámọ́, kò ní kà á o. Ìyẹn náà ti mú mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní purọ́.) Java alára ti gbọ́ràn, ó mú record wá ní Java 16 lọ́dún 2021, ohun kan náà ló ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá sọ síta lẹlòmíì máa gbọ́.

*

Ẹ má bínú sí mi, mi ò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Tèmi kúrú. Mo kọ function kan (ìdìpọ̀ àṣẹ tó ní orúkọ) ní Python, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó fi ohun kan kún àkójọ:

def fi_kun(ohun, akojo=[]):

Mo fi 'a' pè é, ó fún mi ní ['a']. Mo tún fi 'b' pè é, mo ń retí ['b'], ló bá fún mi ní ['a', 'b']. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn 😭. Àṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń ṣe list yẹn (àkójọ òfìfo [] tó wà nínú àkámọ́), nígbà tó bá ń ka def, òun náà ni yóò sì máa gbé fún gbogbo ẹni tó bá pè é. Ọ̀sán kan gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi, ìlà kan péré ni.

*

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló sọ fún yín pé ti àtijọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ tán, pé ti òde òní ló ń gé e kúrú?

Fortran ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 1957 ló jáde, ó ju COBOL lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ mọ̀ bí Fortran ṣe ń mọ irú nọ́ńbà tó wà nínú variable, ìyẹn orúkọ tá a fi ń pe nọ́ńbà? Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹ̀ ló ń wò! Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti I títí dé N, odidi nọ́ńbà ni. Tó bá jẹ́ lẹ́tà mìíràn, ó lè ní ìdá lẹ́yìn point. Èmi sọ tèmi ní LENGTH, mo fi 2.75 sínú ẹ̀, ó gbé 2 mì, ó tutọ́ ìyókù dànù, kò sì bi mí léèrè ohunkóhun. Mo rò ó títí pé èmi ni mi ò mọ ìṣirò. Tẹ́ ẹ bá ṣi orúkọ kọ, tẹ́ ẹ kọ TOTL dípò TOTAL, á dá variable tuntun sílẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí tí àwa tá a dàgbà sínú ẹ̀ fi máa ń kọ IMPLICIT NONE (má fi lẹ́tà orúkọ mọ irú nọ́ńbà) sókè kí ọwọ́ wa tó balẹ̀ nìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ ti ká gé ọ̀rọ̀ kúrú, APL, èdè tí Kenneth Iverson dá sílẹ̀, ti wà láti àwọn ọdún 1960. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìpíndọ́gba àwọn nọ́ńbà tó wà nínú X:

(+/X)÷⍴X

Ó tán. Ó dùn ún kọ bí i kí èèyàn máa ta ayò. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá kọ lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ti di àjèjì síra wa.

*

Ẹ má gbàgbé èdè Go o, 2009 ni wọ́n gbé e síta, ọmọdé ni, ṣùgbọ́n if err != nil (bí àṣìṣe bá wà) inú ẹ̀, ẹ ó kà á títí ojú yín á fi ṣú. Mo ń bú u lójoojúmọ́. Mo padà sí èdè tó ń ju exception (àṣìṣe tó ń fò jáde láti ibi tó ti ṣẹlẹ̀), mo ń bi ara mi pé níbo ni eléyìí ti ń bọ̀, ta ló jù ú. Mo ti dákẹ́.

*

Èmi tí mo dá a sílẹ̀ rèé. Bàbá, ẹ kú àgbà, ẹ ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ọjọ́ orí kọ́ ni mo ń bá jà. Àbúrò oní-Java, mo gbọ́, ọgọ́rin ìlà tí kò sẹ́ni tó ń kà, òkùnkùn náà nìyẹn.

Ẹni tó bi mí níkọ̀kọ̀ pé ibo ni mo wá bá a dé: mo yọ gbogbo round() kúrò. Function méjì ni mo fi rọ́pò ẹ̀, sun_soke tó ń lo ROUND_HALF_UP, ge_danu tó ń lo ROUND_DOWN, ẹni tó bá fẹ́ dín nọ́ńbà kù á ní láti mú ọ̀kan. Orúkọ mìíràn tún gùn sí i, àyẹ̀wò wọlé, àlàyé wọlé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àpapọ̀ bára mu géẹ́.

Ọ̀gá mi wá ṣí i lọ́jọ́ kan, ó ní ṣebí 70 ni kóòdù yìí, kí ló dé tó ti di 210? Mo ní ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ṣì ku 690 kó tó dé ibi tí wọ́n ti gbé e fún mi.