Wọ́n fi mí ṣe chef d'équipe (olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́), ibi iṣẹ́ bá kẹ̀yìn sí mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ (Lyon)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn lónìí. Nígbà tí mò ń di páálí, àwa àti àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ jọ ń jẹ, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fi mí ṣe chef d'équipe. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí wọn, wọn kì í dáhùn. Ọ̀kan sọ lójú gbogbo èèyàn pé « bientôt on sera chez eux, ici » (láìpẹ́, ilé wọn la máa wà níbí). Ọ̀gá wá pè mí, ó ní kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀, kí n fọwọ́ sí rupture conventionnelle (ìwé àdéhùn láti fòpin sí kọ́ńtíráàtì) kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Àyà mi ń já. Kí ni mo ṣe fún wọn? Mo ti fi fóònù gba ohùn ọ̀gá sílẹ̀. Ṣé kí n fọwọ́ sí i, àbí kí n kúkú fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́ (Créteil)
Má fọwọ́ sí nǹkan kan! Má sì kọ démission (ìwé pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀) o, torí ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kì í sábà rí owó chômage (owó àìríṣẹ́) gbà. Rupture conventionnelle, àdéhùn ẹni méjì ni. Kò sí òfin tó ní kí ọ̀gá dá ọjọ́ Jímọ̀ fún ọ. Ìpàdé gbọ́dọ̀ wáyé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, o sì lè mú ẹnì kan lára àwọn òṣìṣẹ́ dání. Tí kò bá sí aṣojú òṣìṣẹ́ níbẹ̀, wá conseiller du salarié (ẹni tí ìjọba yàn láti ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́): orúkọ wọn wà ní mairie (ilé ìjọba ìlú) àti ní inspection du travail (ọ́fíìsì tó ń bójú tó òfin iṣẹ́), wọn kì í gba kọ́bọ̀.
Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 15 láti yí i padà, Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà recommandée (tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń fún ní ìwé ẹ̀rí) ni kó fi ránṣẹ́, tàbí kó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́ kó gba ìwé ẹ̀rí. Ibí yìí gan-an ló ti ń bọ́ mọ́ àwọn èèyàn wa lọ́wọ́: wọ́n á fẹnu sọ pé àwọn ò ṣe mọ́, ọ̀gá á ní « d'accord », ọjọ́ 15 á kọjá, ó parí.

Ọmọ Àkàbà Ìdènà (Villeurbanne)
Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Àbúrò, ohun tí wọ́n á bi ọ́ ní prud'hommes (ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́) kò ju èyí lọ: kí ló yí padà, ìgbà wo ló sì yí? Ọjọ́ tí wọ́n fún ọ ní ipò yẹn ni òpó ilé. Wá ìwé tó fi ọjọ́ náà hàn: avenant (àfikún kọ́ńtíráàtì), bulletin de paie (ìwé owó oṣù) tí owó rẹ̀ yàtọ̀, tàbí méèlì. Ohun gbogbo tó o bá kọ, yà á sí ṣáájú ọjọ́ yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀: planning (ètò iṣẹ́), prime (owó àfikún), wákàtí, ìpàdé tí wọn ò pè ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ ní Faransé bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́, kí aago, ibi àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ̀ lé e. « Wọ́n bú mi » ò wúlò fún adájọ́.
Wo àwọn chef d'équipe yòókù pẹ̀lú. Ta ni wọ́n ti fún ní irú ìwé yìí rí? Òfin iṣẹ́, L1134-1, ò ní kó o fi gbogbo rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá: ìwọ á kó àwọn ohun tó ń múni fura kalẹ̀, ọ̀gá ni á ṣàlàyé pé nǹkan mìíràn ló fà á. Fún discrimination (kí wọ́n yà ọ́ sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ tàbí orírun rẹ), o ní ọdún 5 láti ìgbà tó hàn sí ọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n lé ọ tó o sì fẹ́ ta ko lílé náà, oṣù 12 péré ni.

Bàbá Ìyàwó, ọmọ Kétu (Montréal)
Ẹ jẹ́ kí n mú « kí ni mo ṣe fún wọn » yẹn, torí òun ló ń jẹ ọmọ yìí lọ́kàn jù.
O ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ní 1958, Herbert Blumer, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ẹ̀tanú àwọ̀ kì í ṣe inú búburú ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ipò ẹgbẹ́ ni. Ó ní ọkàn wọn máa ń sọ pé àwọn ga jù wá lọ, pé a yàtọ̀ sí àwọn láti inú wá, pé àwọn àǹfààní kan wà tó jẹ́ tàwọn nìkan. Ẹ̀kẹrin wá ni ìfura pé à ń bọ̀ wá gbà á. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń koná mọ́ àwọn tó kù. Ẹ̀rín tí wọ́n ń bá ọ rín nídìí páálí lè má jẹ́ ẹ̀tàn rárá, àmọ́ wíwà tó o wà nísàlẹ̀ ló gbé e dúró.
Ẹ wo Memphis, ní Amẹ́ríkà, ní 1892. Àwọn òyìnbó pa Thomas Moss, aláwọ̀ dúdú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, torí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tí wọ́n ṣí ń gba oníbàárà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń tajà nítòsí. Ida B. Wells, ọ̀rẹ́ Moss, ló fi ìwé ìròyìn tú u síta. Ní Wilmington, 1898, wọ́n fi ìbọn lé ìjọba ìlú tí àwọn ará ìlú dìbò yàn, torí àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gòkè ni wọ́n dojú kọ nínú méjèèjì.
Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́: má padà lọ máa di páálí fún wọn kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ. Ẹ̀rù wọn ò ní lọ, ẹ̀rí tìrẹ ni á bàjẹ́, torí wọ́n á ní o kò ṣe iṣẹ́ chef d'équipe rí. Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, sọ ní 1954 ohun tó ń dín ẹ̀tanú kù: kí ipò dọ́gba, kí gbogbo yín máa lé ohun kan náà, kí ẹ jọ ṣe é, kí aláṣẹ sì dúró gbọin lẹ́yìn rẹ̀. Ti aláṣẹ yìí ni ọ̀gá rẹ sá fún. Kọ méèlì sí i lálẹ́ òní: kó fún ọ ní fiche de poste (ìwé tó to iṣẹ́ ipò rẹ), kó sì fi ìwé sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ìwọ ni olórí wọn. Tó bá ṣe é, ara á tù ọ́ díẹ̀. Tó bá kọ̀, méèlì náà ti di ẹ̀rí.

Ọmọ Òkun (Marseille)
Ẹ gbàgbé méèlì! Ohùn tó gbà sílẹ̀ ni kó gbé jáde.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́ (Créteil)
Kò gbọdọ̀! Gbígba ohùn èèyàn ní ìkọ̀kọ̀, article 226-1 òfin ọ̀daràn ni: ọdún kan lẹ́wọ̀n àti 45 000 euro owó ìtanràn. Ẹ fẹ́ sọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ di ọ̀daràn?

Ọmọ Òkun (Marseille)
Ìyá, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 22 oṣù Kejìlá 2023, Cour de cassation (ilé ẹjọ́ tó ga jù fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀) ní adájọ́ prud'hommes ò lè torí pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti gba ohùn kó kàn dà á nù.

Ọmọ Àkàbà Ìdènà (Villeurbanne)
Ẹ parí i. Wọ́n ní adájọ́ á wò ó bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà fi ẹjọ́ rẹ̀ múlẹ̀, àti bóyá ohun tó ṣe ò kọjá ààlà. Tí ẹlẹ́rìí bá wà, ohùn yẹn ò pọn dandan mọ́. Kó tọ́jú rẹ̀, kó ṣe ẹ̀dà kan, kó má gbé e sórí WhatsApp, kó má sì jẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀gì kankan gbọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́ (Créteil)
Ẹlẹ́rìí wo? Ta ló fẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ẹlòmíì?

Ọmọ Àkàbà Ìdènà (Villeurbanne)
Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó jẹ́rìí sí discrimination. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Torí náà, àwọn intérimaire (òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀) tó ti parí kọ́ńtíráàtì wọn ni kó kọ́kọ́ wá lọ. Cerfa 11527 (fọ́ọ̀mù ìjọba) ni ìwé rẹ̀: kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tí ojú wọn rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu èèyàn, kí wọ́n kọ déètì, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà carte d'identité (káàdì ìdánimọ̀) mọ́ ọn. Èyí tí kò bá ní carte, agbẹjọ́rò ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọmọ Òkun (Marseille)
Mo gbà. Ṣùgbọ́n kó má pa ohùn náà rẹ́ o! Kó tún pe 39 28, Défenseur des droits (àjọ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ èèyàn), ọ̀fẹ́ ni. Tó bá lọ sí ọlọ́pàá, kó ní plainte (ẹ̀sùn gidi) lòun fẹ́ ṣe. Main courante (àkọsílẹ̀ lásán) kàn ń sùn nínú ìwé wọn ni.

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ (Lyon)
Ẹ ṣé gan-an, ẹ ò ní ṣìnà. Mo ti ń kọ méèlì náà. Ọjọ́ Jímọ̀ wá ńkọ́? Ṣé kí n lọ?

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́ (Créteil)
Lọ, mú èèyàn dání.

Ọmọ Òkun (Marseille)
Èmi ní kó má lọ. Kó kọ́kọ́ lọ rí médecin du travail (dókítà ibi iṣẹ́), òun fúnra rẹ̀ lè béèrè fún un láìgba ẹnu ọ̀gá. Ká ní Marseille ló wà ni, a ò bá ti tò lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ̀yin ará Lyon ò mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo.

Ọmọ Àkàbà Ìdènà (Villeurbanne)
Ariwo ni ti Marseille, ìwé ni ti Lyon. Ìwé ni adájọ́ ń kà.

Bàbá Ìyàwó, ọmọ Kétu (Montréal)
Kétu ló ni méjèèjì. Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á jáde lóru, á kọ orin ìwà ọlọ́lá sí i létí, kò sì sẹ́ni tó máa mú un.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́ (Créteil)
Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Àjàṣẹ́, olú-ìlú Benin, ń sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́.

Ọmọ Àkàbà Ìdènà (Villeurbanne)
Olú-ìlú tí àwọn mínísítà ẹ̀ ń gbé Kútọnu?

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́ (Créteil)
Assemblée Nationale, ilé aṣòfin, wà lọ́dọ̀ wa! Àti àkàrà tó ń hó lẹ́bàá ọ̀nà láàárọ̀, tí èèyàn fi ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ọlọ́run, ó ń ṣe mí.

Bàbá Ìyàwó, ọmọ Kétu (Montréal)
Ẹ má dárúkọ ẹ̀kọ fún ẹni tí yìnyín ti dí lẹ́nu ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ (Lyon)
Wàrà Fúlàní ilé wa, èyí tí wọ́n fi pòròporo ọkà bàbà pọn ní pupa, kò sí ní Kétu, kò sí ní Àjàṣẹ́ tó tó o.

Ọmọ Òkun (Marseille)
Mo mọ obìnrin kan tó ń tà á níbí, á kù díẹ̀ kó dà bíi ti Ṣábẹ̀ẹ́. Ta ló fẹ́? Kí n mọ iye tí mo máa gbà sílẹ̀.