Django tuntun ti aago wa síwájú ní wákàtí kan, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà. Mo fi Django, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ ètò orí wẹ́ẹ̀bù, kọ ètò kékeré kan fún àǹtí mi tó ń ta àdìrẹ lẹ́bàá Ọjà Ọba, kí wọ́n lè máa kọ orúkọ oníbàárà àti aago tó sanwó. SQLite, ìyẹn fáìlì kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ni mo ń kó o sí. Lórí Django 4.2, wàhálà kankan ò sí.

Lálẹ́ àná, kí iná tó lọ, mo dán 5.2 wò lórí ẹ̀dà kan (orí mi ò dàrú débi tí màá fi dán an wò lórí ojúlówó). Gbogbo àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló fi wákàtí kan yára! Ẹni tó sanwó ní 4:10 ìrọ̀lẹ́ ti di 5:10. Ẹni tó san tiẹ̀ ní 11:40 alẹ́ bọ́ sí ọjọ́ kejì.

Mo ti rí i pé láti 5.0 ni USE_TZ (tó ń mú kí Django fi aago UTC pamọ́, èyí tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa) ti ń jẹ́ True bí èèyàn ò bá kọ nǹkan kan, èmi sì ti yọ ọ́ kúrò nínú settings.py tipẹ́. Africa/Lagos ni TIME_ZONE mi. Tí mo bá kọ False, gbogbo ẹ̀ á padà sípò. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbí kí n yọ wákàtí kan kúrò lára àwọn ti àtijọ́?

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n da Python nù, kí n fi Go, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, tún un kọ. Ṣé Go ò ní ka aago ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi fa ìyẹn.

Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe kọ migration (kóòdù tó ń tún àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣe) yẹn? Sátidé ni àǹtí mi fẹ́ ṣírò owó.